Ẹ Wọn Ikùn Yín, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

    

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ara ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sọ fún yín pé sísanra kò dáa, kí n sì dákẹ́. Ìyẹn, ẹ ti gbọ́ ọ tó. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: bí a bá wọn ara wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwọ̀n yẹn kò lè sọ gbogbo òótọ́ fún wa. Bí ara ṣe ń yí padà láti ọdún dé ọdún, pàápàá bí ikùn ṣe ń fẹ̀, òun ló ń fi ibi tí à ń lọ hàn wá. Ẹni tó bá tètè rí i lè ṣẹ́rí padà. Ẹni tí kò bá rí i, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dá a dùbúlẹ̀ ni yóò tó mọ̀, nígbà tí ọmọ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, tí gbèsè ọjà ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún ara wa. Nílẹ̀ wa, bí ọkùnrin bá yọ ikùn, a ó ní owó ti dé. Bí obìnrin bá bímọ tán tí kò sanra, wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ kò tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá sì rù, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: “Ṣé kì í ṣe àrùn yẹn ló ń ṣe é?” Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ń sá fún rírù ju bí a ṣe ń sá fún àìsàn lọ. Èmi ò bá àṣà jà o. Láyé ìgbà tí ìyàn ń mú, tí ebi ń pa tọmọdé tàgbà, ara tó kún jẹ́ àmì àlàáfíà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ẹni tó ń jókòó sídìí ọjà láti àárọ̀ di alẹ́, tó ń gun alùpùpù dé ibi tí bàbá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn dé, tó ń fi ohun mímu aládùn inú ìgò pa òùngbẹ, ara rẹ̀ kò ṣe é fi wé ara àgbẹ̀ ayé àtijọ́.

Ẹ wá gbọ́ o, ọ̀rá kò rí bákan náà. Ọ̀rá kan wà lábẹ́ awọ, ní apá, ní itan, ní ìdí. Èyí ni ọwọ́ lè fún pọ̀. Kì í sábà yọ ara lẹ́nu tó ọ̀rá kejì. Ọ̀rá kejì wà nínú ikùn lọ́hùn-ún, ó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti pa àgbò rí, ẹ mọ ọ̀rá funfun tó máa ń bo ìfun rẹ̀ bí aṣọ. Irú rẹ̀ ló ń kó jọ sínú ikùn tiwa náà.

Ọ̀rá inú ikùn yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gba ẹ̀dọ̀ lọ tààrà. Nínú ara wa, èròjà kan wà tí à ń pè ní ínsúlínì, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè wọ inú ẹran ara, kí ó di agbára. Bí ọ̀rá inú ikùn bá ti pọ̀ jù, ilẹ̀kùn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ṣúgà á kù sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ dé nìyẹn. Òpó ẹ̀jẹ̀ náà á máa le, á máa dí díẹ̀díẹ̀; ẹ̀jẹ̀ á ru, ohun tí àwa níbí ń pè ní tánsíọ̀. Láti ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ ni àrùn ọkàn ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni kíndìnrín ti ń bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń lọ lábẹ́lẹ̀, láìsí ìrora kankan. Ohun tó jẹ́ kó léwu nìyẹn.

Báwo la ṣe wá ń mọ̀ bóyá ọ̀rá ti pọ̀ jù? Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ni òṣùwọ̀n tí à ń gùn ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì á wo kílò yín, á wo bí ẹ ṣe ga tó, á sì ṣe ìṣirò kan. Ọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan tó ń jẹ́ Adolphe Quetelet ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1832: ẹ mú kílò yín, ẹ fi gíga yín pín in lẹ́ẹ̀mejì. Bí obìnrin kan bá ga ní mítà 1.60, tó sì wọn kílò 64, ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 25. Bí ó bá wọn kílò 77, ó ti di 30. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹni tó bá wà láàárín 18.5 sí 25, ara rẹ̀ wà létòlétò. Láti 25, ó ti ń sanra jù. Láti 30, ó ti di àìsàn tó yẹ ká tọ́jú. Ẹni tí kò bá sì tó 18.5, ó ti rù jù.

Ìṣirò yìí kì í ṣe eré. Ní ọdún 2009, àwọn oníwádìí kó ìwádìí 57 pọ̀, èyí tó kan ènìyàn tó tó 900,000, tí wọ́n ti ń tọ̀ lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i pé àwọn tí ikú dínkù láàárín wọn jù lọ ni àwọn tó wà láàárín 22.5 sí 25. Láti 25 lọ sókè, bí ìṣirò náà bá ṣe ń fi 5 lékún, ikú ń fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 pọ̀ sí i. Ìyẹn ni pé níbi tí ènìyàn 100 bá ti kú láàárín iye ọdún kan, ènìyàn bíi 130 ni yóò kú láàárín àwọn tó fi 5 ju wọ́n lọ. Fún obìnrin mítà 1.60 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, 5 yẹn jẹ́ bíi kílò 13.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yìí ní àléébù. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti ẹran ara. Ẹ mú ọkùnrin kan ní Ṣábẹ̀ tó ń kọ ebè iṣu látàárọ̀, apá rẹ̀ le, itan rẹ̀ le. Ẹ mú òmíràn tó ń jókòó nínú ọ́fíìsì, apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú. Àwọn méjèèjì lè wọn kílò 80 géérégé. Lójú òṣùwọ̀n, ọgbọọgba ni wọ́n. Lójú ikú, wọn kì í ṣe ọgbọọgba rárá.

Báwo la ṣe mọ̀? Ní ọdún 2008, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ènìyàn tó lé ní 359,000 ni wọ́n wọn ikùn wọn, tí wọ́n sì tọ̀ lẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí: láàárín àwọn tí ìṣirò kílò wọn dọ́gba, bí ikùn bá ṣe ń fi sẹ̀ǹtímítà 5 fẹ̀ sí i, ewu ikú ń fi bí ìdá 17 nínú 100 pọ̀ sí i fún ọkùnrin, ó sì ń fi bí ìdá 13 pọ̀ sí i fún obìnrin. Sẹ̀ǹtímítà 5, ó kéré sí gígùn ìka kan o! Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2005, ìwádìí mìíràn tó kan orílẹ̀-èdè 52, tí ilẹ̀ Áfíríkà wà lára wọn, ti fi hàn pé ká wọn ikùn, ká fi wé ìdí, ń tọ́ka sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa dá a lẹ́bi ju kílò lọ. Torí náà, kì í ṣe bí a ṣe sanra tó nìkan ni ọ̀rọ̀, ibi tí ọ̀rá náà jókòó sí ṣe pàtàkì.

Mo wá dé ìdí ọ̀rọ̀ mi báyìí. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ká ní obìnrin kan wọn kílò 55 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 25. Ọdọọdún, ó ń fi kílò kan ṣoṣo sanra sí i. Kílò kan lọ́dún, ta ni yóò rí i? Ọkọ rẹ̀ kò ní rí i. Òun pàápàá kò ní rí i. Nígbà tí yóò bá fi pé ọmọ ọdún 50, ó ti di kílò 80. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ọ̀rá ṣe ń wọlé sára náà nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ń tọ àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó pọ̀ gan-an lẹ́yìn, tí wọ́n ń bi wọ́n léèrè nípa ara wọn lọ́dún méjì méjì. Nígbà tí wọ́n fi kílò tí wọ́n jẹ́ lọ́mọ ọdún 18 wé kílò wọn lọ́mọ ọdún 55, tí wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin kan, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 ni pé gbogbo kílò 5 tí ènìyàn fi sanra sí i láàárín ìgbà yẹn ló ń mú kí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn pọ̀ sí i. Láàárín àwọn tí kò mu sìgá rí, ikú pàápàá ń pọ̀ sí i. Kílò 5 péré! Kì í ṣe ẹni tó ti sanra bọ̀kọ̀tọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Nílẹ̀ wa níbí náà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2015, ní Tanvè àti Dékanmè, lágbègbè Agbangnizoun nítòsí Abomey, àwọn oníwádìí ń padà lọ bá àwọn àgbàlagbà nílé wọn lọ́dọọdún, kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ará abúlé. Wọ́n mọ̀ pé àbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ ká mọ̀. Bí ènìyàn bá ti kọjá ọdún 30, ẹran ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù díẹ̀díẹ̀ bí kò bá ń lò ó. Ọ̀rá á sì máa gba àyè rẹ̀. Nítorí náà, òṣùwọ̀n lè dúró sójú kan fún ọdún mẹ́wàá, kí ikùn sì máa fẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, ọ̀rá tó ń jókòó sí itan àti ìdí tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí ikùn. Aṣọ wa kò sì ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó ń wọ ṣòkòtò onífìlà ìdè, ó mọ̀ pé òun ti ṣí ihò bẹ́líìtì kan. Ṣùgbọ́n ìró kì í fún ènìyàn. A kàn tún un ró ni. Ṣòkòtò olókùn náà, a kàn tú okùn rẹ̀ díẹ̀ ni.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ nǹkan kan tí àwa ti gbàgbé. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ, ẹwà nìkan kọ́ ló wà fún. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ń fún ọmọ, wọ́n mọ̀ pé ó ń dàgbà. Bí ó bá ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ, wọ́n á gbé e dìde kíákíá. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ yẹn gan-an ni mo ní ká máa ṣe fún àgbà.

Báwo la ó ṣe ṣe é? Ẹ yá okùn ìwọ̀n tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ara. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ bọ́ aṣọ kúrò níbẹ̀, ẹ dúró ṣánṣán. Ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ tún fọwọ́ wá orí egungun ìdí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àárín méjèèjì ni kí okùn gbà yí ikùn ká. Kó tẹ́jú yíká, kó má fún, kó má sì dẹ̀. Ẹ mí síta jẹ́jẹ́, ẹ wá kà á. Ẹ má fa ikùn wọlé o! Bí ẹ bá fa ikùn wọlé, ara yín ni ẹ ń tàn.

Fún ọkùnrin, bí ó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 94 lọ, ewu ti ń sún mọ́lé. Bí ó bá ju 102 lọ, ewu ti wọlé. Fún obìnrin, 80 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra. Bí ó bá ju 88 lọ, ewu ti wọlé.

Ẹni tí kò mọ ìwé kà ńkọ́? Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ mú okùn lásán kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fi wọn gíga yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ gé e. Ẹ ṣẹ́ okùn náà po sí méjì, ẹ wá fi yí ikùn ká. Bí ẹnu rẹ̀ bá kan ara wọn, ó dáa. Bí kò bá kan ara wọn, ikùn yín ti ju ìlàjì gíga yín lọ, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì. Ẹ tọ́jú okùn yẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún fi yí ikùn ká, kí ẹ wò ó bóyá àlàfo náà ń fẹ̀ ni àbí ó ń dínkù.

Ẹni tó bá mọ̀wé, kó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìwòsàn rẹ̀: ọjọ́, kílò, ikùn. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ti tó, ká sọ pé ní oṣù kìíní àti oṣù keje. Bí ẹ bá lọ rí dókítà, ẹ fi hàn án. Dókítà tó rí yín lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó rí ojú ọ̀nà lóru nígbà tí mànàmáná kọ ni. Dókítà tó rí àkọsílẹ̀ ọdún márùn-ún ti mọ ibi tí ọ̀nà gbà wá.

Ẹ rọra níbì kan o. Aboyún kì í wọn ikùn fún ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Bí ikùn bá sì wú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹsẹ̀ wú pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí ohun líle kan ń dàgbà nínú rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rá. Ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, ó lè jẹ́ ọkàn, ó lè jẹ́ iju. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé àwọn tó rù náà ń kú. Ṣé kì í ṣe pé ọ̀rá ń dáàbò bo ènìyàn ni?” Ìbéèrè tó dáa ni. Ìdáhùn rẹ̀ náà wà nínú wíwọn láti ọdún dé ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rí pé wọ́n rù nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n ti sanra rí. Àìsàn ló ti kọ́kọ́ wọlé tó ń jẹ wọ́n lára: jẹjẹrẹ, ikọ́ àwúbì, àrùn HIV, àtọ̀gbẹ tí wọn kò tọ́jú. Sìgá náà ń mú ènìyàn rù, ó sì ń pa á. Ẹni tó bá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan á ní rírù ló pa wọ́n. Ẹni tó bá mọ ìtàn ara wọn á mọ̀ pé àìsàn ló dé ṣáájú.

Nítorí náà, bí ikùn tó ń fẹ̀ ṣe jẹ́ ìkìlọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara tó ń yọ́ láìnídìí jẹ́ ìkìlọ̀. Bí ẹ kò bá gbààwẹ̀, tí ẹ kò dín oúnjẹ kù, tí ẹ sì ti pàdánù kílò 3 nínú 60 láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ẹ má yọ̀ pé ara fúyẹ́. Ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sá pamọ́ sílé. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àìsàn tí mo dárúkọ yẹn ló ní ìtọ́jú bí a bá tètè débẹ̀. Ẹ tún bá mi wo àwọn àgbà ilé o. Bí ìyá àgbà ẹni ọdún 75 bá ń rù, ẹ má sọ pé ogbó ni. Ẹ wo eyín rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ń rí oúnjẹ jẹ. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, wàgàṣì tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa febi pa ara rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ikùn.

Ẹni tí ikùn rẹ̀ ti fẹ̀ ńkọ́, kí ni kó ṣe? Kó má fòyà. Kò di dandan kó padà sí kílò ìgbà ọ̀dọ́. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, lórí ènìyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ ti ń kanlẹ̀kùn wọn. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn dín ìdá 7 nínú 100 kù nínú kílò wọn, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àwọn tí àtọ̀gbẹ mú láàárín wọn fi ìdá 58 nínú 100 dínkù. Fún ẹni kílò 85, ìdá 7 yẹn jẹ́ kílò 6. Ìṣẹ́jú 150 náà, ìdajì wákàtí ni, lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù kí ẹ tó dé ọjà, kí ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹ̀yin zémíjàn, ẹ dákun ẹ má bínú sí mi!

Ní ti oúnjẹ, èmi ò ní kí ẹ fi ìyán sílẹ̀, n ò ní kí ẹ fi àkàsà sílẹ̀. Òkìtì rẹ̀ ni kí ẹ dínkù, kí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i. Ẹ dín epo inú ọbẹ̀ kù, ẹ dín ohun dídín kù. Ẹ má jẹun tán kí ẹ wọlé lọ sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun mímu aládùn, ìgò kékeré rẹ̀ kan máa ń ní tó gíráàmù 35 ṣúgà, ìyẹn bíi ṣíbí tíì méje tàbí mẹ́jọ. Ta ni nínú wa tó máa da ṣíbí mẹ́jọ sínú ife tíì kan? Ṣùgbọ́n à ń mu ún nínú ìgò. Bíà àti sódàbì náà, inú ikùn kan náà ni wọ́n ń lọ.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ jìnnà sí oògùn tí wọ́n ń tà nínú ọjà pé ó ń mú ènìyàn sanra, pé ó ń mú ìdí yọ. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi oògùn tó wà fún àìsàn líle ṣe. Ó ń kó ọ̀rá sí ojú àti ikùn, ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń gbé tánsíọ̀ sókè. Àgbo àti tíì tó ń fọ inú pé kí ènìyàn lè fọn náà, omi ara ló ń gbé jáde, ọ̀rá ṣì wà níbi tó wà.

Ẹlòmíràn á ní, “Bàbá mi sanra, ó yọ ikùn, ó sì lo ọdún 85.” Mo gbà. Ẹni tó ń gun alùpùpù láìdé akoto náà lè gùn ún fún ogún ọdún kó má ṣubú. Ṣé nítorí rẹ̀ la ó ṣe sọ fún ọmọ wa pé kó má dé akoto? Ewu kì í ṣe ìdájọ́. Ewu ni ohun tí a lè dínkù.

Ẹ má fi ẹni tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ má sì fi ẹni tó rù ṣe ẹlẹ́yà. Ìtìjú kì í wo àìsàn, ó kàn ń jẹ́ kí ènìyàn sá fún ilé ìwòsàn ni. Dípò bẹ́ẹ̀, tọkọtaya lè jọ wọn ara wọn, ẹgbẹ́ ọjà lè ra okùn ìwọ̀n kan ṣoṣo kí gbogbo wọn máa lò ó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Kí n tó lọ, ohun mẹ́rin ni kí ẹ mú délé. Ìkíní, ikùn ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe kílò nìkan. Ìkejì, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí ẹ fi okùn ṣàmì rẹ̀. Ìkẹta, bí ó bá ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ tètè dá a dúró nígbà tó ṣì jẹ́ kílò méjì tàbí mẹ́ta. Ìkẹrin, bí ara bá ń yọ́ láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ ẹ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo tánsíọ̀ àti ṣúgà yín pẹ̀lú.

Òkèèrè lolójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.